Bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 5, POP àti okùn mítà 25: bí mo ṣe kọ́ àwòṣe fáírọ́ọ̀sì polio

Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì pé ọmọ ọdún méjì nígbà tí ibà mú un. Àwọn òbí wa rò pé ibà lásán ni. Wọ́n fún un ní àgbo, wọ́n fi omi tútù nù ún lára, ibà náà sì lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé e nàró, ẹsẹ̀ òsì kò gbé e mọ́. Rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti wọlé, ó ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Íbàdàn, èmi ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní bàọ́lọ́jì.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ya fáírọ́ọ̀sì sójú pátákó fún àwọn ọmọ: ohun róbótó kan, ẹ̀gún díẹ̀ lára rẹ̀, ó tán. Ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, ọmọbìnrin kan ní SS2 nawọ́ sókè, ó ní, "Sà, báwo ló ṣe ń mọ sẹ́ẹ̀lì tó máa wọ̀?" Mo dá a lóhùn bí ìwé ṣe wí. Mo rí i lójú rẹ̀ pé kò yé e, nígbà tí mo sì délé mo rí i pé kò yé èmi náà tó. Ohun róbótó tí mo ń yà kò ní ojú, kò ní ẹ̀yìn, kò ní ibi tí ọwọ́ lè gbá mú. Mo pinnu pé màá kọ́ ọ̀kan tí a lè gbé lọ́wọ́, tí a lè ṣí, tí a lè tì, tí igun rẹ̀ á bá ti òótọ́ mu. Polio ni mo mú, nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ bí iṣẹ́ náà ṣe lọ sílẹ̀ níbí, àti ibi tí mo ti ṣì í ṣe, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ má baà náwó lẹ́ẹ̀mejì.

Fáìlì tí mo rò pé ó gé

Mo ti ń bẹ̀rù pé mi ò ní rí ìwọ̀n fáírọ́ọ̀sì náà níbìkan. Ìyẹn ò le tó bí mo ṣe rò. Ibi ìkópamọ́ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Protein Data Bank, tí wọ́n ń kó ìrísí purotéènì àti fáírọ́ọ̀sì sí, ọ̀fẹ́ ni. Níbẹ̀, 2PLV ni àmì polio irú kìíní, èyí tí wọ́n ń pè ní Mahoney. ChimeraX, sọ́fítíwìà tó ń fi irú ìrísí bẹ́ẹ̀ hàn, ni mo fi ṣí i lórí laptop, ọ̀fẹ́ ni òun náà fún olùkọ́ bíi tèmi.

Ohun tí mo rí kì í ṣe bọ́ọ̀lù rárá. Ó dà bí ọ̀já tí ọmọdé ká jọ sórí ibùsùn. Mo rò pé fáìlì náà gé lójú ọ̀nà. Mo tún un gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, dátà ń lọ, ohun kan náà ni. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo tó fara balẹ̀ ka àwọn ìlà tó wà lókè fáìlì náà: ẹyọ kan péré ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlànà 60 tó ń sọ ibi tí a ó gbé ẹyọ náà sí àti bí a ó ṣe yí i. Mo tẹ àṣẹ kan, ẹyọ náà di 60, bọ́ọ̀lù yọ. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Francis Crick àti James Watson, ti sọ ọ́ ní 1956 pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí: fáírọ́ọ̀sì kékeré kò ní àyè tó láti kọ ìlànà fún ìbora ńlá kan, nítorí náà yóò kọ ti kékeré, yóò sì máa tò ó mọ́ra wọn. Mo fi polio ṣírò rẹ̀ fúnra mi. RNA rẹ̀, okùn tí gbogbo ìlànà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, jẹ́ bíi lẹ́tà 7,500. Lẹ́tà mẹ́ta ló ń pe amínò ásíìdì kan, ìyẹn búlọ́ọ̀kù tí a fi ń kọ́ purotéènì. Purotéènì mẹ́rin ló wà nínú ẹyọ kan, VP1, VP2, VP3 àti VP4, gbogbo wọn lápapọ̀ sì jẹ́ bíi amínò ásíìdì 880, ìyẹn lẹ́tà 2,640. Ẹyọ 60 jẹ́ amínò ásíìdì 52,800. Ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yàtọ̀ síra ni, lẹ́tà tó lé ní 158,000 ni ì bá ná lórí aṣọ nìkan, bẹ́ẹ̀ gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju 7,500 lọ. Ìṣẹ́ ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yìí. Fún èmi, ìròyìn ayọ̀ ni: mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo nílò.

Ó yẹ kí n dárúkọ obìnrin kan níbí. Rosalind Franklin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ DNA, ti gbé ọwọ́ lé polio ní Birkbeck ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1958. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, Aaron Klug àti John Finch, ni wọ́n tẹ̀síwájú, wọ́n sì gbé e jáde ní 1959 pé ìtò ara polio bá ti ohun olójú 20 mu. Ó tún di 1985 kí James Hogle, Marie Chow àti David Filman tó fi han ayé bí ẹyọ náà ṣe rí gan-an, débi pé a lè tọ́ka sí ibi tí amínò ásíìdì kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Inú iṣẹ́ wọn ni fáìlì tí mo gbà ní alẹ́ ọjọ́ kan ti wá. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ kí n tó sùn.

Kílò 70

Polio fẹ̀ tó bíi nanomítà 30 (mílíọ̀nù kan nanomítà ló wà nínú mílímítà kan). Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́ di ńlá ní ìlọ́po mílíọ̀nù 20, kí ó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 60, kí ọmọ tó jókòó lẹ́yìn náà lè rí i. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ń ṣe POP sílíǹnì bá mi da ẹyọ kan wò. A gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó lé ní kílò kan. Ìlọ́po 60 rẹ̀ sún mọ́ kílò 70. Ọmọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Tíṣà, ta ni ó máa bá yín gbé e dé kíláàsì?"

Mo dín in kù sí ìlọ́po mílíọ̀nù 10, sẹ̀ntímítà 30. Bí a bá gé ìbú sí ìdajì, ìwúwo kì í dúró sí ìdajì, ìdá mẹ́jọ ló ń bọ́ sí. Ẹyọ kan wá di bíi gíráàmù 140, gbogbo rẹ̀ kò tó kílò 9. Ní òṣùwọ̀n yìí, sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan á gùn tó pápá bọ́ọ̀lù méjì tí a tò síwájú ara wọn. Mo ní kí àwọn ọmọ máa rò ó bẹ́ẹ̀: ohun tí mo gbé lọ́wọ́ yìí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá méjì, ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé.

Igun tó fi dígíríì 12 lé

Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Bí a bá pín bọ́ọ̀lù náà sí 60 lọ́gbọọgba, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á ní igun mẹ́rin. Igun orí ni ibi tí ẹyọ márùn-ún ti pàdé, nítorí náà dígíríì 72 ni. Igun ìdí ni ibi tí mẹ́ta ti pàdé, dígíríì 120. Igun méjì ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 90, 90. Mo mú páálí, rúlà àti ohun ìwọngun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà á. Kò pàdé. Mo tún un yà, kò pàdé. Mo rò pé rúlà ló wọ́. Nígbà tó yá mo ro igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: 72, 120, 90, 90, ó jẹ́ 372. Gbogbo ohun onígun mẹ́rin tí a bá yà sórí páálí, 360 ni igun rẹ̀ ń jẹ́. Dígíríì 12 ló fi lé.

Dígíríì 12 yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Òun ni ìtẹ̀kòtò. Ohun tí igun rẹ̀ bá ju 360 lọ kò lè sùn pẹrẹsẹ, àfi kí ó wú bí èèpo igbá. Mo ti ń gbìyànjú láti fi táìlì ilẹ̀ mọ ìkòkò.

Nítorí náà mo nílò ohun róbótó tí n ó máa mọ nǹkan lé lórí. Ihò inú ìbora polio fẹ̀ tó bíi nanomítà 22, ìyẹn sẹ̀ntímítà 22 nínú òṣùwọ̀n tèmi. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá nọ́ńbà 5 fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà 22. Mo wọn tọmọ mi lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gbà á gbọ́. Mo bẹ ẹ, ó yá mi. Fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é: lórí bọ́ọ̀lù yẹn, ẹ̀gbẹ́ gígùn méjì ẹyọ kan jẹ́ sẹ̀ntímítà 6.1, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjì jẹ́ 4.0. Tẹ́èpù àwọn télọ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́, ẹ má lo rúlà.

Amọ̀

Ojú ìta ẹyọ náà ni iṣẹ́ tó gbà mí lákòókò jù, bíi ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní igun orí, VP1 ga sókè. Bí márùn-ún bá pàdé, wọ́n á di òkè kan tó rí bí ìràwọ̀. Ní igun ìdí, VP2 àti VP3 wú díẹ̀. Bí mẹ́ta bá pàdé, wọ́n á rí bí abẹ̀bẹ̀ fáànù alápá mẹ́ta. Àfonífojì kan wà láàárín òkè àti abẹ̀bẹ̀, ó sì yí òkè kọ̀ọ̀kan ká bí yàrà ṣe ń yí ìlú àtijọ́ ká. Ó jìn tó nanomítà méjì sí méjì ààbọ̀. Ẹ rántí àfonífojì yìí. VP4 kò hàn síta rárá, abẹ́ ló fara pamọ́ sí, níbi tí ìbora ti kan RNA.

Mo fi ọ̀dà kùn wọ́n bí àwọn onímọ̀ ṣe sábà ń kùn wọ́n: VP1 búlúù, VP2 àwọ̀ ewé, VP3 pupa, VP4 yẹ́lò.

Ọwọ́ ọ̀tún di ọwọ́ òsì

Ibi tí mo ti pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì rèé.

Mo rò pé mo gbọ́n. Dípò kí n mọ ẹyọ náà kí n tó fi í ṣe mọ́ọ̀dù, mo gbẹ́ ihò mọ́ọ̀dù náà tààrà sínú amọ̀, mò ń wo àwòrán lójú laptop, ibi tó bá ga nínú àwòrán ni mò ń gbẹ́ jìn. Mo da POP sí i, ó yọ dáadáa, ó rẹwà. Mo da 14.

Mo fi igi kékeré kan gbẹ́ CD155. Èyí ni purotéènì tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì wa tí polio máa ń dì mú, mo sì fẹ́ fi wọ inú àfonífojì wò. Kò wọ̀. Mo fi fáìlì àwọn káfíńtà há igi náà díẹ̀, kò wọ̀ síbẹ̀. CD155 kì í dúró gangan lórí polio, ó máa ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tèmi fẹ́ fì sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo gbé ẹyọ POP kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán, mo sì rí i: VP2 wà níbi tó yẹ kí VP3 wà. Gbogbo 14 jẹ́ òjìji inú dígí. Mo gbẹ́ ihò náà bí ẹni ń wo iwájú, bẹ́ẹ̀ ohun tó bá jáde nínú ihò máa ń kọjú sí mi ni, ọ̀tún rẹ̀ ni òsì mi.

Ọjọ́ náà ò dùn mọ́ mi. Àmọ́ nígbà tí mo fi ọkàn balẹ̀, mo rí i pé igi yẹn kọ́ mi ní ohun tí n kò tíì kọ́ àwọn ọmọ dáadáa rí. Gbogbo purotéènì tó wà lára ohun alààyè, tiwa àti ti fáírọ́ọ̀sì, ọ̀kan náà ni ọwọ́ tí amínò ásíìdì wọn kọjú sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè di ara wọn mú. Bí ẹnì kan bá kọ́ polio tó jẹ́ òjìji inú dígí, tí gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ pé, kò ní rí CD155 wa dì mú, bí ìbọ̀wọ́ òsì kò ṣe ní wọ ọwọ́ ọ̀tún. Mi ò kó àwọn 14 náà dànù. Mo kùn wọ́n ní eérú, mo fi wọ́n sínú páálí fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀nà tó tọ́ rèé: mo mọ ẹyọ náà gan-an sórí bọ́ọ̀lù pẹ̀lú amọ̀, mo jẹ́ kí ó gan, mo fi Vaseline pa á lára. Mo ra sílíkóònì tí àwọn oní-fèrèsé álúmínọ́ọ̀mù ń lò, mo pò ó nínú omi ọṣẹ títí ó fi ṣeé mú lọ́wọ́, mo lẹ̀ ẹ́ bo amọ̀ náà, mo fi POP bò ó lẹ́yìn kí ó má wọ́. Nígbà tí mo ṣí i lọ́jọ́ kejì, mọ́ọ̀dù náà gba gbogbo ọnà rẹ̀, títí kan ilà ìka mi.

Akọ kan, abo kan

Dídà 60 kò ní ìtàn. Ó jẹ́ sùúrù, mẹ́rin lóòjọ́, mẹ́fà lópin ọ̀sẹ̀, òjò ò jẹ́ kí wọ́n tètè gbẹ. Mẹ́ta fọ́.

Lẹ́yìn náà mo fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ wọ́n ní márùn-márùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni polio ṣe ń ṣe é nínú sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì gígùn kan ló kọ́kọ́ ń jáde, ẹ̀rọ ìgé tí fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ kọ́ á gé e sí mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dì mọ́ra di ẹyọ, ẹyọ márùn-ún á di ìràwọ̀, ìràwọ̀ 12 á yí RNA ká. Ìgé kan ló kù lẹ́yìn tí ilé bá ti pé, òun ló ń ya VP4 kúrò lára VP2. Kí ìgé yẹn tó wáyé, fáírọ́ọ̀sì náà kò tíì gbó, kò lè mú ẹnikẹ́ni.

Mo fẹ́ kí ìràwọ̀ 12 yìí ṣeé ṣí, nítorí náà òòfà ni mo lò dípò gọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n mi ló kó òòfà inú sípíkà fóònù àti íápíìsì tó ti kú sílẹ̀ fún mi, a ra èyí tó kù. Méjì lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan, 120 lápapọ̀. Mo ti lẹ gbogbo òòfà ìràwọ̀ méjì, ojú kan náà ni gbogbo wọn kọ síta, kí n tó gbé wọn súnmọ́ra. Wọ́n ti ara wọn kúrò bí àgbò méjì.

Mo rò pé màá ṣe ìràwọ̀ oríṣi méjì, èyí tó ń fà àti èyí tí wọ́n ń fà. Mo jókòó, mo ń ṣírò èyí tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èwo, kò bọ́ sí i, torí pé ìràwọ̀ mẹ́ta ló ń pàdé níbi kan. Ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi, ó yí i síwá-sẹ́yìn, ó ní, "Kí lo ń ṣírò? Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjì. Fi akọ sí ọ̀tún, fi abo sí òsì. Bí wọ́n bá kọjú síra, ọ̀tún ẹni kan ló máa kan òsì ẹnì kejì." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé." Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó sọ yẹn gan-an ni polio ń ṣe. Kò sí ẹyọ akọ, kò sí ẹyọ abo. Ẹyọ kan náà ló gbé ohun tó ń dì mú àti ohun tí wọ́n ń dì mú lára rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, nítorí náà 60 tó bára mu pátápátá lè pàdé di ilé láìsí kọ́lékọ́lé. Nígbà tí mo ju ìràwọ̀ 12 sínú agbada ńlá kan tí mo sì mì í, márùn-ún lára wọn so mọ́ra fúnra wọn kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Okùn

Lẹ́tà 7,500, bí a bá nà wọ́n bí wọ́n ṣe máa ń tò, gùn tó bíi máíkírómítà méjì ààbọ̀. Nínú òṣùwọ̀n tèmi, mítà 25. Mo ra okùn tó ki tó sẹ̀ntímítà kan, mo so ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ orí rẹ̀, torí pé purotéènì kékeré kan tó ń jẹ́ VPg wà lórí RNA polio bẹ́ẹ̀. Ìdí okùn náà ni mo fi ọ̀dà funfun kùn fún ìrù tó jẹ́ kìkì lẹ́tà A. Mo rò pé kò ní wọ inú ìbora. Ó wọ̀, ìdá mẹ́ta ihò náà péré ló gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti ká a. Nígbà tí mo kàn rọ́ ọ wọlé, ó lọ́ mọ́ra, kò ṣeé fà jáde mọ́.

Nígbà tí okùn ti wà nínú rẹ̀ tí mo sì fi ìràwọ̀ kejìlá dé e, mo mì í létí mi. Kò dún.

Ògiri àti aláǹgbá

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ní Sátidé. Ó gbé e lé itan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ àwọn òkè ibẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èyí ló ṣe mí?" Mo ní òun ni, ìlọ́po mílíọ̀nù 10 ni mo fi sọ ọ́ di ńlá. Ó ní, "Ibo ló gbà wọlé?"

Mo mú igi CD155 jáde. Èyí tí mo tún gbẹ́ gùn ní sẹ̀ntímítà 11 àti ààbọ̀, ó ní oríkèé mẹ́ta bí ìka, oríkèé tó jìnnà sí sẹ́ẹ̀lì jù lọ ló ń wọ inú àfonífojì. Mo fi í sí i, ó wọ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bó ṣe yẹ. Mo ṣàlàyé fún un pé ní 1989 ni Cathy Mendelsohn, Eckard Wimmer àti Vincent Racaniello wá purotéènì yìí rí, àti pé kì í ṣe nítorí polio ni ara wa ṣe ń ṣe é. Ó ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń bá sẹ́ẹ̀lì dì mọ́ sẹ́ẹ̀lì, àwọn ọmọ ogun ara sì máa ń fi yẹ sẹ́ẹ̀lì wò. Polio kàn mọ ọwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọjà tí polio ń ná yìí, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́. Eku kò ní CD155 tiwa, polio kì í sì í mú eku ilé. Ní 1990, Racaniello àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ti ènìyàn sínú eku, polio sì rọ eku lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́."

Mo ti ń ronú lórí òwe yẹn láti ọjọ́ náà, nítorí ohun tí àwòṣe yìí fi hàn mí yàtọ̀ díẹ̀. Ìbora polio le. Omi kíkan inú ikùn kò rí i ṣe. Ó lè ti ẹnu ọmọ dé ìfun, kí ó tún jáde nínú ìgbẹ́, kí ó wà nínú omi, kí ilé náà má sì ṣí. Ní ìsàlẹ̀ àfonífojì, nínú VP1, àpò kékeré kan wà tí ọ̀rá díẹ̀ ń gbé inú rẹ̀. Ọ̀rá yẹn ló ń di ilé náà mú kí ó má yẹ̀. Mo fi àbẹ́là yíyọ́ dí àpò náà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí àwọn ọmọ lè rí i. Bí CD155 bá wọ inú àfonífojì nínú ara tó gbóná bíi tiwa, ọ̀rá náà á kúrò. Gbogbo ìbora náà á wú ní bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn sẹ̀ntímítà kan àti díẹ̀ nínú tèmi. VP4 tó fara pamọ́ lábẹ́ á yọ síta, ìrù VP1 náà á yọ, wọ́n á gún awọ sẹ́ẹ̀lì, ihò á yọ, RNA á sì gba ibi tí ìràwọ̀ méjì ti fẹ̀gbẹ́ kanra jáde. Ògiri kọ́ ló lanu. Aláǹgbá ló lanu, nítorí pé ògiri dì í mú.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní tí ọ̀rá yẹn bá kọ̀ tí kò kúrò ńkọ́? Inú mi dùn sí ìbéèrè náà ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí òògùn kan wà tó ń jẹ́ pocapavir tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí gan-an: ó ń wọ inú àpò náà, ó ń jókòó, kò sì ní jẹ́ kí ilé ṣí. Àfonífojì náà fúnra rẹ̀ há. Michael Rossmann, tó rí irú rẹ̀ lára fáírọ́ọ̀sì ọ̀fìnkìn ní 1985, dá a lábàá pé ọmọ ogun ara kò lè na ọwọ́ dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ tó tẹ̀lé e fi hàn pé òmíràn nínú wọn ń dé ibẹ̀ díẹ̀, àmọ́ etí àfonífojì ni wọ́n sábà máa ń dì mú.

Ohun kan tún wà tí àwọn nọ́ọ̀sì máa fẹ́ gbọ́. Ooru lè ṣí ìbora náà láìsí CD155. Bí ó bá ti wú bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà; ara tó bá kọ́ ojú yẹn kò ní dá èyí tó ń bọ̀ lóòótọ́ mọ̀. Nítorí ìdí èyí ni wọ́n fi ń gbé àjẹsára polio nínú yìnyín láti pápákọ̀ òfuurufú dé abúlé, àti ìdí tí igun mẹ́rin kékeré tó wà lára ìgò rẹ̀ fi ń dúdú bí ooru bá ti kàn án jù. Ìrísí ilé yìí ni wọ́n ń dáàbò bò.

Mo sọ fún un pé n'Íbàdàn níbí, ní ẹ̀ka ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì, ilé àyẹ̀wò polio kan wà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Àjọ Ìlera Àgbáyé. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá rọ lójijì, wọ́n á gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀kan lára sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń dà á lé ni L20B: sẹ́ẹ̀lì eku ni, tí wọ́n fi CD155 ènìyàn sí. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì inú ìfun kò rí eku wọ̀, polio ló sábà máa ń rí ọwọ́ tó mọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, wọ́n á fura pé polio ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n kéde pé polio inú igbó, ìyẹn èyí tí kò ti inú àjẹsára wá, ti tán ní Áfíríkà. Ti Nàìjíríà tó kẹ́yìn jẹ́ ní Borno, 2016. Irú kejì tó ti inú àjẹsára yí padà ṣì ń yọ wá lẹ́nu, àjẹsára tuntun tí wọ́n ń pè ní nOPV2 sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ níbí ní oṣù kẹta 2021. Inú RNA ni wọ́n ti ṣe àtúnṣe, kí ó má lè tètè yí padà. Ìbora rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àjẹsára irú kejì àtijọ́. Ká ní àjẹsára àtijọ́ yẹn ni mo kọ́, okùn nìkan ni ǹ bá pààrọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́tí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó fi èékánná yọ àbẹ́là inú ẹyọ kan, ó fi igi CD155 tẹ ibẹ̀, ó sì fa ìràwọ̀ méjì yà níbi tí wọ́n ti kanra. Ìlẹ̀kẹ̀ orí okùn yọ. Ó mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ó ń fi apá wọ̀n ọ́ bí ẹni ń wọn aṣọ, ó ń kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ ètè. Okùn náà bọ́ sílẹ̀ lórí àwọn rédíò tó ti tú, ó yí ọ̀pá rẹ̀ ká, ó gba ẹnu ọ̀nà dé ìta. Kò dúró. Ó fà á títí ìdí funfun fi jáde.